Ọgbà Ẹranko Ìbàdàn àti Ẹnubodè Ìkẹjà

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ nígbà tí wọ́n fi ẹranko díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọgbà kan níbẹ̀ ní 1948. Kì í ṣe fún ìgbafẹ́: ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko ló nílò ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fojú ara rẹ̀ rí. Ní 1954, ẹ̀ka ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó di FRIN, náà fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Owó ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà àwọn méjèèjì.

Ìmọ̀ nípa ẹran igbó ilẹ̀ Yorùbá jèrè púpọ̀ ní ìgbà náà. J. H. Elgood, olùkọ́ nípa ìmọ̀ ẹranko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, rí ẹyẹ kan nítòsí ìlú ní 1951, ìbátan ẹ̀gà, tó dúdú lára tó sì pọ́n lórí. Ní 1958 ó fi orúkọ ìlú sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ náà wà, ó sì ti fẹ́ parun. Bob Golding darí ọgbà ẹranko láti 1963 di 1979. Ayé ìgbà tirẹ̀ ni àwọn gòrílà méjì, Aruna àti Imade, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Láàárín àwọn ọdún 1970, S. S. Ajayi, onímọ̀ nípa ẹran igbó, ń wádìí bí ènìyàn ṣe lè máa sin òkété nílé. Ìwádìí yìí wúlò ju gòrílà lọ fún ẹni tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń sanwó ìwọlé torí òkété.

Ní 1974 ọgbà náà di ọgbà ẹranko gidi. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó ṣọ̀wọ́n. Àdéhùn náà ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àjọ tí yóò máa fúnni níwèé àṣẹ, kó sì tún ní àwọn onímọ̀ tí yóò kọ́kọ́ sọ bóyá títà ẹranko náà kò ní pa ìran rẹ̀ lára. Òfin tirẹ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 1985.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2002, ọmọ gòrílà mẹ́rin gba Èkó àti Johannesburg kọjá lọ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia. Ìwé wọn sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n bí wọn sí. Ṣùgbọ́n abo arúgbó kan ṣoṣo ni gòrílà tó kù ní Ìbàdàn, abo kì í sì í dá bímọ. Igbó Kamẹrúùnù ni wọ́n ti kó wọn. Méjì nínú wọn tilẹ̀ ń jẹ́ Oyin àti Tinu. Òfin wà, ìwé àṣẹ wà. Onímọ̀ tí ìjọba ìbá rán lọ wo inú àgò kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé ni kò sí.

Malaysia kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko Pretoria ní 2004. Ní oṣù kọkànlá 2007 ni wọ́n tó dé Limbe, ní Kamẹrúùnù. Ọgbà ẹranko àtijọ́ ni ibẹ̀ náà. Ní 1993 ni ìjọba Kamẹrúùnù àti ẹgbẹ́ Pandrillus jọ sọ ọ́ di ibi ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti oníṣòwò. Calabar ni Pandrillus ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991, níbi tó ti ń tọ́jú ọ̀bọ drill, tí igbó rẹ̀ kò ju Cross River, Kamẹrúùnù àti erékùsù Bioko lọ. Ní 2000 ìjọba Cross River ya òkè Afi sọ́tọ̀ fún ẹran igbó.

Nàìjíríà jìyà tirẹ̀. Ní 2005 CITES ní kí àwọn orílẹ̀-èdè yòókù dáwọ́ òwò ẹran igbó pẹ̀lú rẹ̀ dúró, nítorí pé kò mú òfin náà le. Ní 2007 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NESREA sílẹ̀, ó sì fi àmójútó irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀, títí kan ẹrù tó ń gba pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà jáde.