Derrida (fíìmù, 2002)

Fíìmù àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé tí Kirby Dick àti Amy Ziering Kofman darí. Jacques Derrida, Júù onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ló dá lé lórí. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i, ó sì yẹ ká máa rántí èyí: El Biar, lẹ́bàá Algiers, ní ọdún 1930. Ní 1942, òfin ìjọba Faransé lòdì sí àwọn Júù lé e kúrò nílé ìwé. Òun ló dá deconstruction sílẹ̀, ìyẹn ni kí a fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ inú ìwé palẹ̀ títí ohun tí ìwé náà fi pa mọ́ yóò fi hàn.

Kámẹ́rà tẹ̀ lé e dé ilé. Wọ́n bi í bóyá ó ti ka gbogbo ìwé tó kún ibẹ̀. Ó ní mẹ́rin péré lòun kà, ṣùgbọ́n òun kà wọ́n dáadáa. Ibi tó wúni lórí jù ni Gúúsù Áfíríkà, níbi tó ti lọ wo yàrá ẹ̀wọ̀n Mandela ní Robben Island. Ryuichi Sakamoto ló ṣe orin fíìmù náà. Derrida kú ní 2004.