Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Àbí Inú Fídíò?

Nígbà tí Ìbàdàn ṣì jẹ́ olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Ìkálẹ̀ tí wọ́n bá pè fún íńtáfíù ní Sẹkitéríàtì Àgodì ní láti wọ ọkọ̀ láti Òkìtìpupa, kí ó sì wá ilé ará ìlú rẹ̀ kan sùn mọ́jú. Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ìrìn náà sì dínkù.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa, ẹ̀yin ènìyàn mi: ojú kan náà ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ẹni tí wọ́n mọ̀. Bí ahọ́n Ìkálẹ̀ bá hàn lẹ́nu ọmọ, ẹlòmíràn á ti rẹ́rìn-ín kí ó tó gbọ́ ọgbọ́n inú rẹ̀.

Ní ọdún 2004 ni iléeṣẹ́ HireVue bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè á hàn lójú kọ̀ǹpútà, o óò dáhùn síwájú kámẹ́rà, ọ̀gá á sì wò ó nígbà tó bá ráyè. Àrùn Kòrónà ọdún 2020 sọ irú íńtáfíù báyìí di ohun tó wọ́pọ̀. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìlú gúúsù Oǹdó, Òkìtìpupa pẹ̀lú, ló wà lókùnkùn fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn 2010. Kámẹ́rà kì í sì í mi orí. Bí ìbéèrè kò bá yé ọ, kò ní tún un bi. Kódà ẹ̀rọ HireVue ń fi ìrísí ojú díwọ̀n èèyàn tẹ́lẹ̀. Àríwísí pọ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2021 wọ́n kéde pé àwọn ti pa á tì.

Èwo ló wá dára? Ní ọdún 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí íńtáfíù ṣe ń sọ ẹni tí yóò mọ iṣẹ́ ṣe. Lórí òṣùwọ̀n tí 1 jẹ́ pípé, íńtáfíù tí wọ́n ti bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà gba 0.42, èyí tí oníkálukú ń bi ohun tó wù ú gba 0.19.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ ìbéèrè sílẹ̀ ṣáájú, ẹ fi máàkì kan náà wọn gbogbo wọn. Kí ẹni tó jìnnà lo fídíò ní ìpele àkọ́kọ́ bó bá wù ú. Àwọn díẹ̀ tó bá kù, ẹ pè wọ́n wá ká fojú rinjú, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ wọn.