Kí ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti pẹ́ máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró?

Ẹ́ńjìnnì tó ń mu bẹntiróòlù, tó sì ti gbóná dáadáa, sábà máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 600 sí 900 láàárín ìṣẹ́jú kan nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sí lórí tọ́tù. Èyí ni àwọn mẹkáníìkì ní Nàìjíríà ń pè ní "slow". Bí slow bá ń lọ sókè sódò, tí ọkọ̀ sì ń kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀pọ̀ awakọ̀ á kọ́kọ́ ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ra kọ́ìlì, lẹ́yìn náà nọ́sù. Owó á ti tán kí ẹnikẹ́ni tó wádìí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ gan-an.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì ni kò dúró déédéé, tàbí ara ọkọ̀ nìkan ló ń gbọ̀n. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá dọ́gba, tí ọwọ́ aago tó ń ka bó ṣe ń yí kò sì mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ló ti ya.

Afẹ́fẹ́ tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé

Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, díẹ̀ báyìí ni afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú. Ihò kékeré lára rọ́bà kan tó láti da ìwọ̀n epo àti afẹ́fẹ́ rú. Lórí eré, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ débi pé ihò náà kò ní hàn. Ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè sáré dáadáa lójú ọ̀nà, kó sì máa gbọ̀n níbi iná ojú pópó.

Ooru àti ọjọ́ orí máa ń sán rọ́bà. Kí á wo ibi tó ṣẹ́ po lára rọ́bà ńlá tó so àpótí fílítà mọ́ ẹnu tọ́tù, kí á sì tẹ́tí sí ìró bíi ti ejò tó ń fẹ́. Bí wọ́n bá wọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ síbi tí wọ́n fura sí, tí ìró ẹ́ńjìnnì yí padà, ibẹ̀ ló ń jò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bẹntiróòlù dán an wò. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè gbiná.

Sìlíńdà wo ni kò ṣiṣẹ́?

Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, tó pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀, ní kọ́ìlì mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún sìlíńdà kan. Kí wọ́n yọ wáyà nọ́sù níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì dá a padà. Sìlíńdà tí ìró kò yí padà nígbà tí wọ́n yọ tirẹ̀ ni ọ̀lẹ. Kí wọ́n wá pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi kọ́ìlì rẹ̀ ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé kọ́ìlì, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí kò bá tẹ̀lé e, kí wọ́n ṣe bákan náà fún púlọ́ọ̀gì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wúlò, àmọ́ ó yẹ kí á lóye rẹ̀. P0301 ń tọ́ka sí sìlíńdà kìíní. P0171 kàn ń sọ pé epo kéré sí afẹ́fẹ́ ni. Kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kan ti kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tà fún onímọ́tò.

Ní ti Peugeot 504 oníkábúrétọ̀, ìdọ̀tí lè dí ihò tóóró tí epo slow ń gbà kọjá. Yíyí ìdè láti gbé slow sókè yóò bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, epo ni yóò sì máa jẹ.

Bí sìlíńdà kan bá ṣì kú lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n fi gẹ́éjì wọn agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, nítorí fáàfù tàbí ríǹgì lè ti jẹ. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí awakọ̀ dẹ eré sílẹ̀, kó sì wá ibi dúró: epo tí kò jóná ń dà sínú sàlẹ́ńsà, ó sì lè sun katalísì inú rẹ̀.