Ìbọn Ogun Àtijọ́ Nínú Ẹbí: Bí A Ṣe Lè Dá A Mọ̀ Kí A Sì Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí bá ìbọn ogun tí àwọn ẹbí kan jogún ní ilẹ̀ wa mu. Irin tó dógùn-ún lásán ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ìwé ìtàn ni, irin ló kàn gba ipò tákàdá.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ogun Kírìjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe olórí ogun fún. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ìbọn ṣakabùlà, èyí tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, ni ó gbòde nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá ìbọn tuntun tí à ń ki láti ìdí. Ìbọn Snider wà lára wọn. Kì ẹni ṣakabùlà tó ki ẹ̀tù tán, oní-Snider ti yìn lẹ́ẹ̀mélòó kan. Èyí wà lára ìdí tí Ìbàdàn, bí ó ti lágbára tó, kò fi lè ṣẹ́gun. Ìró ìbọn láàárín àwọn òkè náà ni wọ́n sì fi sọ ogun ọ̀hún lórúkọ.

Báwo ni a ó ṣe wá dá Snider mọ̀? Ẹ wo ìdí agba ìbọn náà: ìdérí irin kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ ni à ń ti ọta onídẹ bọ̀. Ṣakabùlà kò ní irú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo pẹlẹbẹ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá rí adé, lẹ́tà V.R. tó dúró fún Ọbabìnrin Victoria, ọ̀rọ̀ bí ENFIELD tàbí TOWER, àti ọdún, ìbọn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọ. Bí ó bá jẹ́ lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, ìlú Liège ní orílẹ̀-èdè Belgium ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣọ́ra fún ọdún o! Ká ní 1861 ni a rí lára Snider. Ọdún 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ́wọ́ gba Snider. Báwo ni èyí ṣe ṣeé ṣe? Ìbọn Enfield aláti-ẹnu-kì ni wọ́n gé ní ìdí, tí wọ́n sọ di Snider. Ọdún náà kò sọ ìgbà tí ìbọn dé Kírìjì, kò sì sọ ẹni tó gbé e. Ẹnu àwọn àgbà ẹbí nìkan ni a ti lè gbọ́ ìyẹn. Ẹ tètè gba ohùn wọn sílẹ̀, nítorí ìbọn lè pẹ́ ju ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀tá tó burú jù ni ẹni tó fẹ́ kí ó máa dán. Bébà aláyùn-ún tàbí iná alágbẹ̀dẹ lè pa àwọn lẹ́tà wọ̀nyí rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má kùn ún. Epo pupa àti àdí kò dára fún un, nítorí wọ́n máa ń dì mọ́ irin. Epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀ lórí aṣọ òwú tó mọ́ ti tó fún ara irin. Kí ó wà níbi gbígbẹ, jìnnà sí ikán.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ gbà pé ọta wà nínú rẹ̀ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀tù àtijọ́ ṣì lè gbiná. Ẹ má gbìyànjú láti yìn ín láé. Òfin Ìbọn ọdún 1959 sì béèrè ìwé àṣẹ. Kí ẹbí lọ fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n sì kàn sí àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán ìbọn ni kí ẹ mú wá sí kíláàsì, kì í ṣe ìbọn. Ẹ kọ àmì ara rẹ̀ sí apá kan ìwé, kí ẹ kọ ohun tí àgbà sọ sí apá kejì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Níbi tí méjèèjì bá ti ta kora, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀.