Asọ̀rọ̀mágbèsì nínú Ọkọ̀: Ìtàn Àtúnṣe àti Ìpààrọ̀ Rédíò Ọkọ̀ Àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn rédíò nílẹ̀ Yorùbá, ọdún 1935 ni wọ́n sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé ètò Rediffusion kalẹ̀ nílùú Èkó, tí wọ́n ń fi wáyà gbé ohùn wọ ilé àwọn tó lè san owó rẹ̀. Láti ibẹ̀, ìtàn náà á gba ọ̀dọ̀ àjọ NBC tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1957, á sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1959 tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé. Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò pàápàá, asọ̀rọ̀mágbèsì, dà bí ẹni pé ó gbè é lẹ́yìn: ẹ̀rọ náà ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ yìí gba ọ̀nà mìíràn. Inú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti akérò tó ti pẹ́ ló wọ̀, àwọn tí rédíò tó bá wọn wá láti ilé-iṣẹ́ ti kọṣẹ́ tàbí tí kò tilẹ̀ bá ilẹ̀ wa mu. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, àti ti àwọn atúnrédíòṣe, jẹ́ apá kan nínú ìtàn lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá. Àwọn ló sọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ ìlú mìíràn di èyí tó ń gbé ewì, fújì àti wáàsí káàkiri ojú títì. Àwọn kan náà ló sì ń yọ ẹ̀rọ ọ̀hún kúrò lónìí, tí ọ̀pọ̀ ohùn tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fi ń di èyí tí a kò rí ohun tí a ó fi gbọ́ ọ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ Rédíò Inú Ọkọ̀

Rédíò kì í ṣe ara ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1930, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, Paul Galvin àti àbúrò rẹ̀ Joseph gbé rédíò ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní Motorola 5T71. Nǹkan bíi 110 sí 130 dọ́là ni wọ́n ń tà á, oníṣẹ́ ọwọ́ ló sì ń fi í sínú ọkọ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ra ọkọ̀ ti gbé e délé. Oníṣẹ́ náà ní láti wá ibi tí yóò fi bátìrì mìíràn sí lábẹ́ ọkọ̀, kí ó tẹ́ wáyà antẹ́nà, kí ó sì wá ọgbọ́n dá sí ariwo tí iná púlọ́ọ̀gì ń kó sínú ohùn. Èyí túmọ̀ sí pé àfikún ni rédíò ọkọ̀ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹni tó ń tú rédíò ilé-iṣẹ́ lónìí láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kò ba àṣà jẹ́. Ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló padà sí.

Lẹ́yìn èyí, ìyípadà mẹ́ta ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Lọ́dún 1955, Chrysler àti Philco gbé rédíò ọkọ̀ tó jẹ́ transistor pọ́ńbélé jáde, èyí tí kò nílò túùbù ńláńlá mọ́. Lọ́dún 1963, Philips ṣe àfihàn kásẹ́ẹ̀tì ní ìlú Berlin. Lọ́dún 1968, Philips kan náà gbé ẹ̀rọ tó ń lo kásẹ́ẹ̀tì wọ inú ọkọ̀.

Iná àti Afẹ́fẹ́ Ìlú Mìíràn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Rìwáyà tí kò bá kọ́kọ́ wo ọkọ̀ kí ó tó so wáyà, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di nǹkan bí àárín ọdún 1960 sí 1969 ló jẹ́ pé ẹnu bátìrì tó jẹ́ pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ irin ara ọkọ̀, nígbà tó jẹ́ pé nẹ́gátíìfù ni èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá so rédíò transistor tuntun mọ́ irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn, ó lè kú lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn rédíò ìgbà náà kan fi ní ibi tí ènìyàn ti lè yí i sí èyí tó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu.

Ọ̀rọ̀ agbára iná tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń lo dísù ló ń so bátìrì méjì pọ̀ kí iná wọn lè jẹ́ fólítì 24, bẹ́ẹ̀ sì ni fólítì 12 ni wọ́n ṣe púpọ̀ jù lọ nínú rédíò ọkọ̀ fún. Ọgbọ́n tó yá jù ni kí wọ́n fa wáyà rédíò láti orí bátìrì kan ṣoṣo nínú méjèèjì. Rédíò á sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bátìrì tó ń bọ́ ọ á máa rẹ̀ ju èkejì lọ, èkejì á sì máa gba iná jù, títí méjèèjì yóò fi bàjẹ́ kí ọjọ́ wọn tó pé. Rìwáyà tó mọṣẹ́ á wá ẹ̀rọ tó ń dín fólítì 24 kù sí 12, á sì fi fíúsì dáàbò bò ó.

Èyí tó le jù ni ti afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ètò SAP ọdún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó mọ́. Tòkunbọ̀ gba ojú títì, púpọ̀ nínú wọn sì gba èbúté Kùtọnu wọlé. Lára wọn ni àwọn bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ní Japan. Ní Japan ìgbà náà, mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 76 sí 90 ni ìkànnì FM wà. Ní Nàìjíríà, 87.5 sí 108 ni. Lọ́dún 1992, ìjọba fàyè gba aládàáni láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀. Lọ́dún 1994, Raypower bẹ̀rẹ̀ lórí 100.5. Bond FM wà lórí 92.9 l'Ékòó, Amúlùdùn FM wà lórí 99.1 n'Íbàdàn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí rédíò tó bá ọkọ̀ wá láti Japan lè gbọ́. Rédíò náà kò bàjẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tàn, síbẹ̀ adití ni sí èdè tí ó bá nílẹ̀.

Àwọn rìwáyà a máa ti ẹ̀rọ kékeré kan sí àárín antẹ́nà àti rédíò, tó ń fa ìkànnì wálẹ̀. Bí ó bá fà á wálẹ̀ ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 12, dẹ́rẹ́bà tó ń wá 99.1 yóò rí i lórí 87.1. Ṣùgbọ́n àlàfo mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 14 péré ni rédíò Japan ní, nígbà tí ti Nàìjíríà jẹ́ 20.5. Bó ti wù kí wọ́n fà á tó, apá kan yóò ṣẹ́kù síta. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi yàn láti yọ rédíò ilé-iṣẹ́ pátápátá.

Kásẹ́ẹ̀tì àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Kí kásẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀, inú ilé, ilé ọtí àti ibi ayẹyẹ ni àwo orin ti ń sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ kò lè dúró lórí àwo nínú ọkọ̀ tó ń fò nínú kòtò. Ewì Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ tàbí ti Ọlánrewájú Adépọ̀jù, dadakúàdà Ọdọ́láyé Àrẹ̀mú, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ẹni tó bá jókòó. Kásẹ́ẹ̀tì ló fún wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àkókò. Ojú kan àwo orin ńlá kò sábà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ojú kan kásẹ́ẹ̀tì C-90 jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Bí ọ̀nà bá dán, ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì kan lè sin èrò láti Ọjọ́ta dé Ìbàdàn. Ìrìn-àjò náà di àkókò tó tó láti gbọ́ fújì Àyìndé Barrister tàbí ti Kọ̀lìńtìn Àyìnlá látòkè délẹ̀, tàbí wáàsí kan pẹ̀lú àlàyé rẹ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò mọ ara wọn rí, wọn kò sì sanwó ìwòran; síbẹ̀ wọ́n jọ di àwùjọ kan fún akéwì tí kò sí níbẹ̀.

Níbí ni orúkọ náà, asọ̀rọ̀mágbèsì, ti kò pé mọ́. Nínú ọkọ̀ tó ní ibi kásẹ́ẹ̀tì, dẹ́rẹ́bà ló ń yan ohun tí wọn yóò gbọ́, àwọn èrò sì ń dá a lóhùn. Ẹnìkan á ní kí ó yí i padà sẹ́yìn, ẹlòmíràn á ní òun kò fẹ́ wáàsí ẹ̀sìn tí kì í ṣe tòun, ìyá kan á ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Àríyànjiyàn lórí kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ ìṣelámèyítọ́ tó ń wáyé láàárín àwọn tó ni èdè, ó sì yẹ kí àwa tó ń ṣe lámèyítọ́ lórí ìwé kà á sí.

Ọgbọ́n Àtúnṣe

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ ní ọ̀tá mẹ́ta: eruku, ooru àti gbígbọ̀n. Eruku máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu tó ń ka téèpù, ohùn á sì máa dún bí ẹni pé aṣọ bo olórin lẹ́nu. Òwú àti sípírítì ni oògùn rẹ̀. Ooru máa ń mú kí bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí i fẹ̀, orin á wá máa falẹ̀. Gbígbọ̀n máa ń já lẹ́ẹ̀dì tó so wáyà mọ́ ara ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ sí i, kàpásítọ̀ inú rẹ̀ á gbẹ. Kò sí ọ̀kan nínú àrùn wọ̀nyí tó ń pa ẹ̀rọ pátápátá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á jí i dìde pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́.

Ìpààrọ̀ ní òfin tirẹ̀. Rédíò àtijọ́ tó ní kókó méjì lọ́tùn-ún lósì kò gba ihò kan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ ìwọ̀n mìlímítà 180 sí 50 tó di àjùmọ̀lò láti bí ọdún 1984. Rìwáyà ní láti gé dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí a bá sì gé kò ṣeé dá padà. Wáyà yẹ́lò máa ń gba iná nígbà gbogbo, rẹ́ẹ̀dì máa ń gba iná nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú máa ń lọ sí irin ara ọkọ̀. Èdè àwọ̀ yìí ni ọmọ-iṣẹ́ ń kọ́ kí ó tó mọ ohunkóhun, ẹnu ni ọ̀gá sì fi ń kọ́ ọ.

Àgbálọgbábọ̀

Láti bí ọdún 2010 ni ibi kásẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun lágbàáyé. Nílẹ̀ wa, ẹ̀rọ tó ń lo USB àti Bluetooth ti gba ipò rẹ̀, èyí sì rọrùn fún dẹ́rẹ́bà. A kò lè ní kí ó máa gbé ẹ̀rọ àtijọ́ kiri nítorí ìwádìí wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ewì, ìjálá àti wáàsí ló jẹ́ pé inú kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wà, téèpù sì ń bàjẹ́ lọ́dọọdún.

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Àkọ́kọ́, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá bá àwọn rìwáyà ṣe àdéhùn láti máa ra ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá yọ. Fólítì 12 ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ń lò. Bátìrì ọkọ̀ kan tó láti fi da ohùn inú téèpù sórí kọ̀ǹpútà, kódà níbi tí kò sí iná ìjọba. Èkejì, kí wọ́n pe àwọn atúnrédíòṣe àgbà wá láti tún wọn ṣe, kí wọ́n sanwó fún wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò gíga gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn sílẹ̀, láti orúkọ irinṣẹ́ dé orúkọ àrùn ẹ̀rọ. Àgbà ti ń dé sí ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ọmọ-iṣẹ́ tó sì ń wọlé báyìí kò ní ìdí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́líìtì kásẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wáyé nígbà tí ẹni tó lè kọ́ni ṣì wà.