Owó Òkúta ní Téṣàn Moníyà

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa òwe yìí ń fi í halẹ̀ mọ́ ọlọ́jà ni, pé bó bá ṣe ibi, ibi yóò bá a. Ìtumọ̀ yẹn kò burú, ṣùgbọ́n ó fo ohun tó gbọ́n jù nínú òwe náà dá. Òwe kò sọ pé Ọlọ́run ni yóò san owó òkúta, kò sì sọ pé ìjọba ni. Ẹni tó ra erùpẹ̀ ni yóò san án. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ọjà kan náà ni, ohun tí ọ̀kan bá gbé kalẹ̀ ni èkejì yóò fi wọn ohun tí yóò yọ lápò. Mo rò pé ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà "kọ́sítọ́mà" fi yí padà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́nu àwọn òyìnbó tó ni ín, ẹni tó ń rà nìkan ni kọ́sítọ́mà. Ní ọjà Moníyà tàbí Lálúpọn, obìnrin tó ń ta gàrí á pe ẹni tó ń rà ní "kọ́sítọ́mà mi", ẹni tó ń rà náà á sì pe obìnrin yẹn ní "kọ́sítọ́mà mi" padà.

Ní abúlé, owó òkúta kì í pẹ́ dé. Gbogbo ẹni tó ń ra gàrí tàbí èlùbọ́ lágbègbè Ìbàdàn ló mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Lójú, ó kún, ó tún ṣe ṣóńṣó lórí. Kí ẹ délé kí ẹ tún un wọ̀n, ó dín. Ṣùgbọ́n ọjà oko ní ọjọ́ tó ń pé, àwọn kan náà ló sì ń ná an. Kí ọjà mìíràn tó pé, ìròyìn kóńgò náà á ti yí abúlé mẹ́ta ká, ẹni tó ni ín á sì jókòó ti ọjà rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le ni ibi tí ẹni tí a rẹ́ jẹ kò ti ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà lọ́dún 1968 àti 1969, tí Táfá Adéoyè ará Akànràn, ní ilẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, wà lára àwọn aṣáájú wọn, owó orí ni olórí ẹ̀sùn wọn. Àmọ́ ìyà tí àwọn tó ń yẹ kòkó wò fi ń jẹ wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgbẹ̀ kò lè ná ọjà pẹ̀lú ayẹkòkó-wò, kò sì lè gbé kòkó rẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí a bá ká mọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé. Ó lè pẹ́ kó tó san owó òkúta tirẹ̀, ọjọ́ tó bá sì san án, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́.

Ẹni tí a ká mọ́ ni èrò ọkọ̀ ojú irin náà. Rélùwéè àkọ́kọ́ dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó gba Lálúpọn ní ilẹ̀ Làgelú kọjá, ó sì dé Òṣogbo lọ́dún 1907. Ojú fèrèsé ni òwò oúnjẹ ti ń wáyé nígbà náà: àkàrà, ẹyin sísè, ọsàn, omi. Bí fèrè bá dún tí ọkọ̀ sì gbéra, ẹni tí owó bá ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ ló jèrè, ìbáà ṣe ọlọ́jà tó di ṣẹ́ńjì mú, ìbáà ṣe èrò tí kò tíì sanwó. Téṣàn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Moníyà, ní ilẹ̀ Akínyẹlé, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà irin tuntun tó gùn tó kìlómítà 157 láti Èkó parí sí, èyí tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021. Oníkiri kò lè sáré tẹ̀lé fèrèsé níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ebi kò yí padà. Ẹni tó ti Ìṣẹ́yìn wá tàbí tó ti Ẹgbẹ́dá la ìgboro já nínú Micra ti jí kí àkùkọ tó kọ, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Dánfó máa ń dúró kó kún. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de ẹni tó ń fẹ́ tíì tó gbóná.

Àwọn kan yóò sọ pé ohun tó yẹ ibẹ̀ ni ilé kọfí ńlá, irú èyí tó ní ẹ̀ka káàkiri, bó ṣe wà ní téṣàn àwọn ìlú òkèèrè. Irú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì pátápátá lọ́dọ̀ wa. Nínú àwọn ilé ìtajà Kingsway ti ilé-iṣẹ́ UAC, ní àwọn ọdún 1960, àyè wà tí èèyàn ti ń jókòó mu kọfí. Lọ́dún 1973 wọ́n sọ àyè náà ní Kingsway Rendezvous, lọ́dún 1986 òwò yẹn ló di Mr Bigg's. Dùgbẹ̀ ni Kingsway ti Ìbàdàn wà nígbà náà, àdúgbò kan náà pẹ̀lú téṣàn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Ohun tí àwọn ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ mú wọ ìlú ju míìtì páì lọ. Wọ́n kọ iye owó sókè fún gbogbo ojú láti rí, àjèjì àti onílé sì ń san iye kan náà. Ẹni tó bá rò pé nǹkan kékeré nìyẹn, kó rántí ohun tí ìnájà wà fún. Kì í ṣe nítorí owó nìkan la fi ń ná ọjà. Bí a ṣe ń sọ pé "ẹ gbà á bẹ́ẹ̀", tí à ń ṣe bí ẹni ń lọ, tí wọ́n ń pè wá padà, ibẹ̀ la ti ń mọ inú ọlọ́jà. Ìnájà gba àkókò, àkókò ni èrò ọkọ̀ kò sì ní. Iye tí a kọ sára pátákó ń ṣe fún un ní ìṣẹ́jú kan ohun tí ìnájà ìbá fi ìdajì wákàtí ṣe.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè fúnni, ìyẹn èènì. Ọmọ tó dúró nídìí káńtà kò láṣẹ láti bu díẹ̀ lé e, òun kọ́ ló ni ọjà. Ọmọ Hausa tó ń po tíì lábẹ́ agboòrùn létí títì, tó ń dà á láti ife dé ife kó lè tutù níwọ̀n, láṣẹ láti fi mílíìkì kún un. (Tíì lẹ́nu wa, Lipton ni, Máílò ni, Bọnfítà ni, kọfí náà ni.) Mo fara mọ́ èènì gidigidi, ṣùgbọ́n ní téṣàn, mílíìkì kọ́ ni èènì tó dára jù. Òótọ́ nípa àkókò ni. Ẹni tó bi ọ́ pé ṣé Indomie àti ẹyin lè jinná kí ọkọ̀ tó lọ, ohun tó fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ ju oúnjẹ lọ. Bí o bá dáhùn pé "ó ti jinná tán" nígbà tí omi kò tíì hó, o ti ta erùpẹ̀ fún un, bí Indomie náà tilẹ̀ dùn bí oyin.

A lè bi mí pé kí ló kan ọlọ́jà, nígbà tí èrò náà ń lọ sí Èkó tí kò sì ní í rí i mọ́. Àṣìṣe ńlá nìyí. Ọ̀nà irin kò dà bí ọ̀nà mọ́tò tó ní ìyanà mẹ́wàá. Orí kan ni ó ní ní Moníyà. Ibi tí èrò ti wọkọ̀ láàárọ̀ ni ọkọ̀ yóò dá a padà sí. Oníṣòwò tó ń kó ọjà, akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ tó fi ẹbí sílé, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ ni. Iye ìgbà tí wọ́n ń kọjá lè má tó ti ará abúlé tó ń ná ọjà, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá. Owó òkúta tiwọn kò sì lariwo. Wọn kò ní í bú ẹnikẹ́ni. Búrẹ́dì ni wọn yóò máa gbé dání láti ilé.

Èyí tó wúwo jù nínú àtakò ni pé ọlọ́jà téṣàn kò lówó, pé ojoojúmọ́ ni gáàsì ń gbówó lórí, pé kò ṣeé ṣe kó máa ta bíi ti inú abúlé. Òótọ́ ni, n kò sì bá a jà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí ọjà tó wọ́n bí a bá ti sọ iye rẹ̀ fún un kó tó jókòó. Pátákó kan tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ tó fún ìyẹn, kò sì náni ní nǹkan kan. Kí ó kọ iye owó sí apá kan, kí ó kọ àkókò sí apá kejì: tíì, ìṣẹ́jú 3, búrẹ́dì àti ẹyin díndín, ìṣẹ́jú 8, Indomie, ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọkọ̀ ó gbéra, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Indomie rẹ́ kúrò níbẹ̀.