Òjò àkọ́rọ̀ kọ́ ni òjò àgbàdo

Kí NiMet tó dé ní 2003, ìlà-oòrùn làwọn bàbá wa ń wò lóṣù kẹta, torí ibẹ̀ ni ìjì àti ààrá ti sábà máa ń wá. Ní 1983, ọ̀dá mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iná sì jó oko kòkó púpọ̀ ní Gánà àti Nàìjíríà. Ọdún bẹ́ẹ̀ ló kọ́ni pé òjò lè jáni kulẹ̀.

Àsọtẹ́lẹ̀ NiMet wúlò, àmọ́ òjò Òsì lè má dé Ìlọ́fà. Ẹ gbé agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba sí gbangba, ẹ fi rúlà wọn omi rẹ̀ láràárọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òjò kan bá rọ̀ tó dáwọ́ dúró, ẹ mú sùúrù. Àgbàdo tó hù tí oòrùn pa, owó ló gbé lọ. Abúlé tiyín ńkọ́?